Òwú Ogójì Nínú Aṣọ Pẹpẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹ sì súnmọ́ mi díẹ̀. Ohùn mi kò ròkè mọ́. Ní àárọ̀ yìí mo ní kí Mojí, ọmọ ọmọ mi tó dàgbà jù nínú yín, bá mi ká òwú tuntun tó rà wá láti ọjà Gbági mọ́ ara pẹ́ńsù mi àtijọ́, kí ó sì máa kà á sókè. Ó ń ká a, ó ń kà á, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó dé ogún, ó dúró. Ó tú òwú náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení, ó sì tún dúró sí ogún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dára, Màmá àgbà. Ó pé." Ó gbé fìlà tí mo ń so léèsì sí létí fún ìsàmì ọmọ rẹ̀ sókè, ó ní ó rẹwà, ó sì lọ gbé omi kaná.

Mi ò bínú, Mojí. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹni tó bá pẹ́ láyé tó bí mo ṣe pẹ́ yìí, nǹkan kì í ṣojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti gbọ́ irú kíkà yẹn rí, ẹnu èmi fúnra mi ló sì ti jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kí oorun ọ̀sán tó gbé mi lọ.

Erúnmu tí ẹ mọ̀ yìí, tí ọ̀kadà ń han káàkiri rẹ̀, kò rí báyìí nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin. Ọ̀nà pupa ni, eruku rẹ̀ a máa bo ewé kòkó tó wà létí ọ̀nà títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́. Láàárọ̀, ìró ọlọ ló ń jí wa, láti ilé dé ilé, àti ìró ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé. Bí agogo ilé ìwé bá wá dún, gbogbo ìró yòókù á rọlẹ̀. Mo ní agogo, àgbá ẹsẹ̀ mọ́tò kan ni, tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò. Ọ̀sán ni ti bàlúù. Alákíà ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba orí wa kọjá, àwọn ọmọdé á máa sá tẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lórí ilẹ̀ títí yóò fi wọ inú oko lọ mọ́ wọn lójú. Lónìí bàlúù ń kọjá, ẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Lẹ́yìn ilé ìwé náà, yàrá kan wà tí wọ́n fi páànù bò. Ibẹ̀ ni Màmá Tíṣà ń gbé. Bàbá Tíṣà tó jẹ́ ọkọ wọn ló ń kọ́ ọmọ níwèé láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń wàásù fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kó tó di pé ikú mú wọn lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìjọ ní kí opó wọn ṣì máa gbé inú yàrá náà, kí wọ́n máa kọ́ àwa ọmọbìnrin níṣẹ́ ọwọ́. Níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, yàrá jẹ́ tiwọn. Bí iṣẹ́ bá dúró, ẹlòmíràn ni yóò gbà á. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Tíṣà kò bí ọmọ. Ìbátan kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ wọn ni àbúrò wọn ọkùnrin tó wà ní Ìkirè, ìyẹn náà kì í sì í yọjú.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa kì í ṣe kíróṣè tí ẹ mọ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu níbẹ̀. Ọkọ̀ la ń lò, bí àwọn ahunṣọ ṣe ń lo tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Káfíńtà kan ní Ẹgbẹ́dá ló ń fi ìwo màlúù gbẹ́ ẹ fún wa. A ó ká òwú sínú rẹ̀, a ó na òwú náà yí ìka ọwọ́ òsì ká, ọkọ̀ á wọlé, á jáde, kókó kan á sì jókòó ti èkejì. Bí kókó bá pé iye tó yẹ, a ó fa òwú náà, gbogbo rẹ̀ á sì ká kò, á di òrùka kékeré kan. Òrùka lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, bí léèsì wa ṣe ń gùn nìyẹn. Ẹni tó bá yára, tó jókòó láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti parí títí di ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń pè é wá gún iyán, ó lè ṣe é gùn tó ìka kan. Àwa méje la máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ìró ọkọ̀ tó ń gba àárín òwú kọjá nìkan lẹ ó máa gbọ́, tík, tík, àti ohùn Màmá Tíṣà tí ń dárin sábẹ́ ẹ̀mí.

Lónìí ẹ̀rọ ń pọ léèsì jáde bí ẹni ń tú ifun ẹran. Mo rí i nínú fóònù yín. Ó dára, mi ò ní kò dára.

Òwú tí à ń lò, láti Gbági náà ló ti ń wá nígbà náà. Ó máa ń rí róbótó, wọ́n á lẹ bébà mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i. Ogún ló nípọn jù, òun la fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ogójì wà fún aṣọ tábìlì. Ọgọ́ta ni ti aṣọ pẹpẹ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgọ́rin ni ti fìlà ọmọ ìsàmì àti ìbòjú ìyàwó, ó tín-ín-rín débi pé bí o bá mí lù ú, á gbọ̀n. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òwú ń tín-ín-rín sí i. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá mi, kòkó ni wọ́n ń yí lórí ẹní. Wọ́n dá igi ọwọ́ wọn dúró.

"O ní ọgọ́rin kéré sí ogójì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n kọjú sí ìyá mi. "Ìyá ọmọ, ó yẹ kí ẹ tètè sọ fún mi. Èmi tí mo kó àpò kòkó méjì lésìí, mo wá ju ẹni tó kó ogún lọ. Ẹ gbé agbádá mi wá, kí n lọ sọ fún un."

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá bu ọbẹ̀ fún wọn tí ẹran rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á ní, "Ṣé nọ́ńbà ọgọ́rin lẹ gé fún mi yìí?"

Bébà ìdí òwú a máa já. Nítorí náà ni Màmá Tíṣà ṣe ní pẹ́ńsù kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sí lára. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Bí o bá ká òwú láàárín ìlà méjèèjì, tí o jẹ́ kó fara ti ara, ogójì á kún ibẹ̀ ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Ọgọ́ta á kún un ní ìgbà ogún. Ọgọ́rin á gba ìgbà mẹ́rìnlélógún. A sì gbọ́dọ̀ kà á sókè, dandan ni. Màmá Tíṣà á ní, "Ẹni tó bá ń kà sínú, ara rẹ̀ ló ń tàn." Àwọn fúnra wọn kì í lo pẹ́ńsù. Wọ́n á kàn fi òwú sáàárín ìka méjì, wọ́n á yí i, wọ́n á dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀. Wọn kì í ṣì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewúrẹ́ fún yín kí n tó gbàgbé. Ìyá Ìjọ, ìyẹn olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ewúrẹ́ kan tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èèwọ̀. Ọjọ́ kan ó gbé òwú ọgọ́rin kan sẹ́nu, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Abẹ́kẹ́ ọ̀rẹ́ mi di orí òwú náà mú, kò fi í sílẹ̀. Ewúrẹ́ ń sá lọ, òwú ń tú, ó yí ilé ìwé po, ó gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá. Àwọn bàbá tó ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀ kàn rí òwú funfun tó ń rìn kọjá níwájú wọn, wọn kò rí ẹni tó ń fà á. Ọ̀kan nínú wọn ju kẹ́tùlù sílẹ̀, ó bẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí a ròyìn rẹ̀ fún Màmá Tíṣà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo rántí pé wọ́n nu ojú náà pẹ́. Lẹ́yìn tí àwa ti dákẹ́ ẹ̀rín, wọ́n ṣì ń nù ún, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí ìjókòó wọn kúrò lábẹ́ igi, wọ́n ń jókòó sínú oòrùn gangan. Àwa la wá ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ń ka Sáàmù fún wa, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú wo Bíbélì ọwọ́ wọn, ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì ni wọ́n ṣí. Mo wo Abẹ́kẹ́, Abẹ́kẹ́ wò mí. A jọ wolẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni ìjọ wa tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, wọ́n sì ní ọjọ́ Ìkórè ni àlùfáà àgbà kan yóò ti Ìbàdàn wá yà á sí mímọ́. Ó wá di pé a nílò aṣọ pẹpẹ tuntun, aṣọ funfun báláú, kí léèsì ọwọ́ yí etí rẹ̀ ká. Ìyá Ìjọ wá bá wa lábẹ́ igi. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ní ìdérí. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì fẹ́ wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní Erúnmu bí yàrá bá wà.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ti ṣe é ṣe é. A ó wo bí aṣọ pẹpẹ yìí bá ṣe jáde ná."

Màmá Tíṣà ní, "Á jáde dáadáa, Ìyá Ìjọ." Wọ́n rọra sọ ọ́ ni. Nígbà tí Ìyá Ìjọ lọ tán, wọ́n tún sún àpótí ìjókòó wọn sínú oòrùn sí i.

A pín iṣẹ́ náà sí méje. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á ṣe tirẹ̀ kó gùn tó apá, nígbà tó bá yá a ó so ó pọ̀. Ìgbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù la bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni òjò kan dé lọ́sàn-án, òjò oníjì, ó ká páànù kan kúrò ní igun yàrá Màmá Tíṣà, omi sì dà sínú àpótí òwú. Nígbà tí òjò dá, bébà ìdí òwú ti di ẹ̀kọ. A kó gbogbo òwú náà sórí ẹní nínú oòrùn. Gbogbo rẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ jọra, nọ́ńbà kò sí lára ìkankan mọ́.

Màmá Tíṣà jókòó tì í, wọ́n ń fi ìka yí i wò. "Ogójì. Ọgọ́ta. Ọgọ́ta. Ogójì." Bí wọ́n ṣe ń pè é ni a ń yà á sọ́tọ̀. Ṣé ẹ rí i, òwú tó bá ti mu omi a máa rọ̀ lábẹ́ ìka, á dà bí ẹni pé ó tín-ín-rín ju bó ṣe wà lọ. Ìka tí kò ṣìnà rí, ọjọ́ náà ló ṣìnà. Bí ojú wọn bá ń ríran ni, ojú ì bá ran ìka lọ́wọ́. Wọ́n na ọ̀kan sí mi.

"Ọgọ́ta nìyí, ọmọ mi. Ká a wò, kó dá ọ lójú."

Mo mú pẹ́ńsù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Nígbà tí mo dé ẹ̀rìndínlógún, ibẹ̀ kún dẹ́ńdẹ́. Kò sí àyè fún ọ̀kan sí i. Mo tú u, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kún ní ẹ̀rìndínlógún. Ogójì ni. Mo gbójú sókè. Màmá Tíṣà kọjú sí mi, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń wò kọjá mi díẹ̀.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, mà."

Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. A bí wa, wọ́n tọ́ wa, wọ́n ní ọmọ tó bá mọ̀wà hù kì í bá àgbà jiyàn. Bí àgbà bá pe ewé ẹ̀fọ́ ní ewé iyá, ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá Tíṣà fúnra wọn ló ń tún un kọ́ wa lójoojúmọ́, àti kíkúnlẹ̀, àti àìjálu ọ̀rọ̀ àgbà. Ohun kejì sì wà ńbẹ̀. Àwa méje la jókòó síbẹ̀. Bí mo bá ní, "Ẹ ṣì í, mà," gbogbo wa ni yóò mọ̀ pé ojú wọn ti lọ, kí ọbẹ̀ alẹ́ sì tó hó, Ìyá Ìjọ á ti gbọ́. Mo wí fún ara mi pé n óò padà wá ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn yòókù bá ti lọ, n óò kúnlẹ̀, n óò rọra sọ ọ́ fún wọn.

Mi ò padà lọ. Kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́. Ìyá mi rán mi lọ gbé igi ìdáná, mo gbé e dé, ìrọ̀lẹ́ ṣì wà dáadáa. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé wa, mo ń ya èèpo igi. Ẹ̀rù ló bà mí.

Lọ́jọ́ kejì mo ká òwú náà sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ kẹta mo ti ṣe òrùka mẹ́fà. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu mi. Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan tó burú. Mò ń fa òwú mi le, le gan-an, kí òrùka tèmi lè kéré bíi ti àwọn yòókù. Òun ló dá ojú ọgbẹ́ sí ìka òsì mi, ẹ wò ó, ó wà níbí títí di òní. Nígbà tí a so méjèèje pọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀. Màmá Tíṣà fi ọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní mo ní ọwọ́ tó le.

Ṣùgbọ́n aṣọ pẹpẹ gbọ́dọ̀ fojú kan omi kó tó dé orí pẹpẹ. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, àwọn obìnrin ìjọ sè é, wọ́n pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Òwú tí wọ́n fi agídí fà, bí omi gbígbóná bá dé ara rẹ̀, á tú ara sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ti kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké, wọ́n ti so ọsàn mọ́ ojú fèrèsé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ilé. Ìyá Ìjọ tẹ́ aṣọ náà sórí pẹpẹ. Apá mẹ́fà tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Apá kan, ní àárín gbùngbùn, ní iwájú ìjọ, ó hunjọ bí awọ tí iná rà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo fara pamọ́ sẹ́yìn Abẹ́kẹ́. Màmá Tíṣà dìde láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ìjókòó dé ìjókòó títí wọ́n fi dé ibi pẹpẹ. Wọ́n gbé ìka lé etí léèsì náà, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí ìka náà dé tèmi, ó dúró.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fún ọmọ náà ní ogójì níbi tí mo ti pè é ní ọgọ́ta."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka mọ òwú?"

"Ojú mi ò ríran mọ́, Ìyá Ìjọ. Ó ti tó ọdún kan."

Ìyá Ìjọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó sunkún. Wọ́n yí aṣọ náà padà, wọ́n kọ apá tèmi sí ògiri lẹ́yìn pẹpẹ, ẹnì kankan kò sì rí i lọ́jọ́ kejì. Àlùfáà àgbà wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n yin aṣọ pẹpẹ. Ìkórè náà dùn, iṣu ga dé ojú fèrèsé, wọ́n lu ewúrẹ́ Ìyá Ìjọ ní gbàǹjo, àwọn ènìyàn sì ń pariwo pé kí ẹni tó bá rà á má gbàgbé láti ra òwú pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo wo ibi tí Màmá Tíṣà jókòó sí. Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n ní kí Màmá Tíṣà lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi ń lé àgbà. Ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀ líle sí wọn, wọ́n fún wọn ní iṣu, wọ́n fún wọn ní aṣọ, wọ́n kọrin fún wọn. Èmi ni mo ru àpótí wọn dé ẹ̀bá ọ̀nà. Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà tó ń lọ sí Ìkirè dé, wọ́n yọ pẹ́ńsù yìí láti inú gèlè, wọ́n nà án sí mi.

"Gbà. Ẹ̀yin ọmọ lẹ ṣì máa lò ó."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Mọ́tò lọ, eruku bo gbogbo wa.

Ọdún mélòó kan kọjá. Èmi náà kẹ́kọ̀ọ́, mo di tíṣà ní Ẹgbẹ́dá. Nígbà náà ni léèsì ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọjà, àwọn ọmọbìnrin sì ń bi mí pé kí ni mo ń ṣe tí mo ń fi ìka tẹ òwú bí ẹni ń wá iná lórí. Ọjọ́ Sátidé kan ni ara mi kò gbà á mọ́. Mo wọ ọkọ̀, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkirè, mo béèrè títí mo fi dé ilé àbúrò Màmá Tíṣà.

Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ìka wọn ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tó ń jábọ́. Ojú wọn ti funfun. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ. Wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Wọ́n di ìka òsì mi mú, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn wá ojú ọgbẹ́ yẹn.

"Ẹ̀rìndínlógún," ni wọ́n wí.

Mo bú sẹ́kún. Mo sunkún bí ọmọdé lórí èèpo ẹ̀gúsí wọn. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, mà?"

"Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lo kà á, ẹ̀ẹ̀mejì lo dúró. Mo bi ọ́ bóyá ó pé, o ní ó pé."

"Kí ló dé tí ẹ ò tún bi mí?"

"Lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ? Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo ní wàá padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mi ò gbúròó rẹ, mo ní, ọmọ yìí kì í purọ́. Ó ní láti jẹ́ pé etí mi náà ti ń tẹ̀ lé ojú mi lọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe fún ènìyàn. Obìnrin yẹn gba ẹnu mi gbọ́ ju etí ara wọn lọ. Etí wọn ló sì sọ òótọ́.

Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́. Wọ́n tún mú ẹ̀gúsí kan, wọ́n bó o.

"Èmi náà ni mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní òwú, mo sì kọ́ ọ pé kí o má bá àgbà jiyàn. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èkejì yóò jẹ èkínní run. Bí o bá ní ọmọ tìrẹ, tún un kọ́ dáadáa jù mí lọ."

Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, wọ́n ti kú. Mo gbọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti sin wọ́n.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti gbọ́ òwe yẹn nígbà tí mi ò tíì lè de ìrọ́ mi, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹgbàágbèje akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ṣé mo tún un kọ́? Mojí, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje, o sọ fún mi níwájú àlejò pé mo ti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbá ọ létí. Mo ní ta ni o rí tó ń bá àgbà jiyàn. Iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà lóòótọ́. Èmi àti àwọn àlejò la jọ jẹ ẹ́, a ń mu omi.

Nínú àwa méje yẹn, èmi nìkan ló kù. Abẹ́kẹ́ kú ní ọdún tó kọjá, kò sì sí ẹni tó ń fi ọkọ̀ so léèsì mọ́ láti ibí dé Lágẹlú tí mo mọ̀. Mi ò ní kí ẹ wá kọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ mí jù láti máa pe ènìyàn wá síbi iṣẹ́ tó ń gba wákàtí fún ìwọ̀n ìka kan. Fìlà yìí ni mo fẹ́ parí, kí orí ọmọ náà wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, kí n sì gbé ọkọ̀ mi kalẹ̀. Ẹni tó ta òwú fún Mojí ní ọgọ́rin ni. Òwú tó bá jẹ́ ọgọ́rin, ẹ ti gbọ́ pé ìgbà mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó gbà lára pẹ́ńsù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń fi ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ so ọgọ́rin tòótọ́ mọ́ fìlà náà, ó ku ìdajì. Bí mo bá fi òwú yìí parí rẹ̀, ẹ ó fọ̀ ọ́, á hunjọ, ẹ ó sì máa sọ fún mi pé ó rẹwà.

Wá, Mojí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọ jà. Jẹ́ kí àwọn àbúrò rẹ náà gbọ́. Òwú nìyí, pẹ́ńsù nìyí. Ká a, kí o kà á sókè, ibi tí o bá sì dúró sí, sọ fún mi pé ibẹ̀ lo dúró sí. Ojú mi ló ń lọ, ọmọ mi. Etí mi ṣì wà níbí.